Ẹ jẹ́ kí òfin dá ìgbà tí a gbọ́dọ̀ tún ẹkùn ìdìbò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ pín

Sí Olóòtú,

Mo kọ lẹ́tà yìí láti bẹ ẹ̀yin àti àwọn òǹkàwé yín pé kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu àwọn olóṣèlú nígbà ìpolongo ìbò, èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ ààlà ẹkùn ìdìbò tí a fi ń yan àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀. Àwọn ààlà tí à ń lò lónìí ni àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà, NECON, fà ní ọdún 1996 lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Sani Abacha. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbé ìjọba sílẹ̀, a ti dìbò yan aṣòfin ìpínlẹ̀ ní 1999, 2003, 2007, 2011, 2015, 2019 àti 2023. Oko ti di àdúgbò, àdúgbò ti di ìlú ńlá, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà náà ti di òbí, síbẹ̀ kò tíì sí àtúnpín gbogboogbò kankan fún àwọn ẹkùn náà.

Ìpínlẹ̀ Èkó ni mo ń gbé, ní agbègbè Ìpájà, ibẹ̀ ni n óò sì ti mú àpẹẹrẹ mi. Aṣòfin ogójì ló wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ yìí, ìjọba ìbílẹ̀ ogún ni ìwé òfin orílẹ̀-èdè kà fún wa, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹkùn méjì, Ẹkùn Kìíní àti Ẹkùn Kejì. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lérèfé yóò sọ pé ìpín náà dọ́gba, pé wọn kò yan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ètò ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé èèyàn 1,277,714 ló ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, nígbà tí àwọn tó ń gbé ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí jẹ́ 117,481. Bí a bá pín iye kọ̀ọ̀kan sí méjì, aṣòfin kan láti Alímọ̀ṣọ́ ń ṣojú èèyàn tó lé ní 638,000, aṣòfin kan láti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí sì ń ṣojú èèyàn tí kò tó 59,000. Ìyẹn ni pé ohùn ẹnì kan ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohùn èèyàn mọ́kànlá ní Alímọ̀ṣọ́, nínú ilé aṣòfin kan náà, lórí ètò ìnáwó kan náà, lórí òfin tí yóò de gbogbo wa bákan náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé iye ọdún 2006 kò ṣeé gbára lé, nítorí pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ 9,113,605 tí àjọ ìkànìyàn kéde fún wa, ó ní òun ka èèyàn tòun lọ́tọ̀, ohun tí òun sì rí lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún. N kò ní dá sí àríyànjiyàn yẹn nínú lẹ́tà yìí. Kí ẹni tó bá fara mọ́ iye tí ìjọba Èkó gbé jáde lò ó: nínú tirẹ̀, Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 2,047,026, Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí jẹ́ 99,540, àlàfo tó wà láàárín wọn sì lé ní ìlọ́po ogún. Èyíkéyìí tí a bá gbà nínú méjèèjì, ìrẹ́jẹ náà wà níbẹ̀.

Ohun tí èyí jẹ́ fún ará ìlú kò fara sin. Aṣòfin ìpínlẹ̀ ló yẹ kí a lè rí bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀nà ìpínlẹ̀ bá bàjẹ́, tí ilé ìwòsàn ìjọba kò bá ní dókítà, tí àwọn ọmọ bá pọ̀ jù nínú kíláàsì, tí omi òjò bá sì ń gba inú ilé kọjá lọ́dọọdún nítorí pé kò sí gọ́tà. Láti Ìpájà dé Ayọ̀bọ́, láti Ègbẹdá dé Ìdímù, láti Ìkòtún dé Ìgàndó, títí kan Akówónjo, Abúlé-Ẹ̀gbá àti Òkè-Òdò, aṣòfin méjì péré ni gbogbo àwa ará Alímọ̀ṣọ́ jọ ní. N kò bá àwọn aṣòfin náà jà. Bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́, tí ilẹ̀kùn wọn kì í tì, kò sí bí ẹnì kan ṣe lè gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta bí ẹlòmíràn ṣe ń gbọ́ ti ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà mọ èyí, nítorí pé ní ọdún 2003 ló dá ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ 37 sílẹ̀ lé ogún tó wà tẹ́lẹ̀, tí àpapọ̀ fi di 57, tí Alímọ̀ṣọ́ nìkan sì di mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ìpín yẹn kò kan ẹkùn ìdìbò rárá, torí pé àṣẹ láti fa ààlà ẹkùn kò sí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kankan. Ọwọ́ àjọ elétò ìdìbò orílẹ̀-èdè, INEC, ló wà.

Ìwé òfin ọdún 1999 kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 91 sọ pé iye aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin iye àwọn aṣojú-ṣòfin tí ìpínlẹ̀ náà ní ní Àbújá, kí a sì pín wọn lọ́nà tí iye èèyàn inú ẹkùn kọ̀ọ̀kan yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dín ní mẹ́rìnlélógún, kí wọ́n má sì ju ogójì lọ. Abala 112 gbé iṣẹ́ pípín náà fún INEC. Abala 113 tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pé, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí iye olùgbé ẹkùn kọ̀ọ̀kan sún mọ́ iye tí a rí nígbà tí a bá fi iye ẹkùn pín gbogbo olùgbé ìpínlẹ̀. Ní Èkó, bí a bá lo iye ọdún 2006, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 227,800 fún ẹkùn kan. Ẹ wo ibi tí 638,000 wà sí i, ẹ sì wo ibi tí 59,000 wà.

Abala 114 ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ kà, nítorí inú rẹ̀ ni mo gbà pé àìsàn náà wà. Ó pàṣẹ pé kí INEC máa ṣe àyẹ̀wò ìpín ẹkùn ní gbogbo ìpínlẹ̀ ní àárín ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún mẹ́wàá, kí ó sì ṣe àtúnṣe tó bá rí i pé ó yẹ. Òfin náà dá ìgbà tí àyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ yá jù. Kò dá ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù. Àjọ tó bá ṣe é lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá kò rú òfin, àjọ tó bá sì dúró di ọgbọ̀n ọdún lè dìde nílé ẹjọ́ kí ó sọ pé ọgbọ̀n kò dín ní mẹ́wàá. Kò dá mi lójú rárá pé ohun tí ará ìlú ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n gbọ́ pé a óò máa tún ẹkùn pín nìyẹn. Gbólóhùn tí wọ́n fi dènà kí olóṣèlú má máa yí ààlà padà lójoojúmọ́ ló wá di ohun tí ó ń jẹ́ kí ààlà wà lójú kan títí lọ.

Ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé INEC kò ní agbára iṣẹ́ tó jọ èyí. Láti 1996 ni ibùdó ìdìbò náà ti wà ní nǹkan bí 120,000 jákèjádò orílẹ̀-èdè, àwọn èèyàn ń rìn jìnnà, wọ́n ń tò sórí ìlà gígùn, títí àjọ náà fi sọ wọ́n di 176,846 ní ọdún 2021, lẹ́yìn tí ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, àwọn lọ́balọ́ba àti àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí a yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ibùdó ìdìbò kàn ń sọ ibi tí èèyàn yóò ti tẹ̀ka ni. Ẹkùn ló ń sọ bí ìbò náà ṣe wúwo tó.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka ìwé ìròyìn yín lè rò pé bí ẹkùn ṣe rí lónìí ló ti rí látilẹ̀wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà Ìjọba Alágbádá Kejì, tí ìwé òfin ọdún 1979 sọ pé kí aṣòfin ìpínlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta iye aṣojú-ṣòfin, aṣòfin 126 ló wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà nínú rẹ̀. Lónìí, Ọ̀yọ́ ní 32, Ọ̀ṣun ní 26, àpapọ̀ wọn jẹ́ 58, èyí tí kò tó ìdajì iye ti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà kò dín kù, ńṣe ni wọ́n pọ̀ sí i gidigidi. Oǹdó tí Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà ní 66. Lónìí, ìpínlẹ̀ méjèèjì ní 26, 26. Èkó ní 36 ní 1979, ó sì ní 40 lónìí. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ń ṣe ètò ìgbájọba-fún-alágbádá tirẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹkùn, kódà ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní aṣojú-ṣòfin kan ní Àbújá ní 1992. Lẹ́yìn náà ni ìpín 1996 dé. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ níbẹ̀ ni pé ìgbà gbogbo tí ìjọba bá yí padà ni wọ́n ń fa ààlà tuntun, láti òkè wá, láìbi ará ìlú léèrè. Láti ìgbà tí a sì ti ní ìwé òfin tó yẹ kó jẹ́ kí a ṣe é bó ti yẹ ni a kò ṣe é mọ́.

N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí a padà sí aṣòfin 126. Owó tí wọ́n ń ná sórí àwọn aṣòfin kò kéré, ara ìlú kò sì lè gbé e. Síbẹ̀, òpin ogójì tí abala 91 fi lélẹ̀ yẹ fún àyẹ̀wò, pàápàá fún ìpínlẹ̀ bí Èkó. Aṣojú-ṣòfin 24 ni Èkó ní ní Àbújá; ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 72, ṣùgbọ́n òfin kan náà tó sọ pé kí a fi mẹ́ta pọ̀ ọ́n ló tún sọ pé kò gbọ́dọ̀ kọjá 40. Èkìtì tí aṣojú-ṣòfin rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ ní aṣòfin ìpínlẹ̀ 26.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ tààrà sí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, nítorí pé àwọn ni ọ̀rọ̀ mi yóò kọ́kọ́ kan lára. Bí a bá lo iye ọdún 2006 láì gbé òpin ogójì kúrò, Alímọ̀ṣọ́ yóò ní aṣòfin márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì yẹn, tí wọ́n jọ ní mẹ́rin lónìí, yóò sì ní ẹyọ kan tàbí méjì. Mo gbà pé wọ́n ní ẹjọ́ tó ṣeé gbọ́. Ilẹ̀ wọn tẹ́ rẹrẹ, àwọn abúlé wọn jìnnà síra, omi ọ̀sà àti igbó pín wọn níyà, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀ka márùn-ún tí a fi ń mọ Èkó láti ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú Ìkẹjà, Àgbádárìgì, Ìkòròdú àti Erékùṣù Èkó. Kò yẹ kí ìlú tó ní ìtàn bẹ́ẹ̀ di èyí tí wọ́n so mọ́ ìlú mìíràn kí ohùn rẹ̀ sì sọnù. Ṣùgbọ́n abala 113 ti fi àyè sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí nígbà tó sọ pé bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Àyè kékeré ni. Ìyàtọ̀ ìdá mẹ́wàá tàbí ìdá márùn-ún lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ìlọ́po mọ́kànlá kò lè gbà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èbúté ọkọ̀ òkun tuntun àti ilé iṣẹ́ ìfọpo tí wọ́n ṣí ní 2023 ti ń fa èrò wọ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ó sì ṣeé ṣe kí àtúnpín tó dá lórí iye tòní ṣe wọ́n lóore ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹni tó ń pọ̀ sí i ni ààlà tí kò yí padà máa ń rẹ́ jẹ, ọ̀la sì lè jẹ́ tiwọn.

Orílẹ̀-èdè mìíràn ti gba ojú ọ̀nà yìí rí. Ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin ìpínlẹ̀ Alabama ti ọdún 1901 pàṣẹ pé kí wọ́n tún ẹkùn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ pín ní gbogbo ọdún mẹ́wàá. Ọgọ́ta ọdún kọjá, wọn kò ṣe é, nítorí pé àwọn aṣòfin tó yẹ kó fọwọ́ sí àtúnpín náà ni àwọn tí yóò pàdánù ipò wọn bó bá wáyé. Nígbà tó fi máa di ọdún 1960, agbègbè Jefferson, níbi tí ìlú Birmingham wà, ní èèyàn tó lé ní 600,000, agbègbè Lowndes ní 15,417, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ kan péré. Tennessee náà kò tún tirẹ̀ pín láti 1901. Àwọn ará ìlú ló gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́. Ní 1962, nínú ẹjọ́ Tennessee, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà sọ pé àwọn adájọ́ lè dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kẹfà 1964, nínú ẹjọ́ Alabama, ó pàṣẹ pé iye èèyàn ni kí wọ́n máa fi pín ẹkùn ilé aṣòfin méjèèjì tí ìpínlẹ̀ ní, ti kékeré àti ti àgbà. Adájọ́ àgbà Earl Warren kọ ọ́ sínú ìdájọ́ náà pé èèyàn ni aṣòfin ń ṣojú fún, wọn kì í ṣojú fún igi tàbí éékà ilẹ̀. Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń tún ààlà fà, àwọn ọmọ wa tó ń dìbò ní Texas àti Maryland sì ti rí i lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 2020. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ti Alabama fún wa ni pé kí òfin dá ọjọ́ nìkan kò tó; ará ìlú gbọ́dọ̀ lè pe àjọ náà lẹ́jọ́ bí ọjọ́ bá kọjá.

Ewu kan tún wà tí n kò gbọdọ̀ fi pa mọ́. Ẹni tó bá di gègé mú lè fa ààlà sí ojú rere ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní Massachusetts ní 1812, Gómìnà Elbridge Gerry fọwọ́ sí ìpín ẹkùn ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ tó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ débi pé àwọn oníwèé ìròyìn yà á bí ẹranko, orúkọ gómìnà náà ni wọ́n sì fi ń pe irú ìwà bẹ́ẹ̀ títí dòní. Nítorí irú èyí ni àwọn ará California fi dìbò ní 2008 pé kí ìgbìmọ̀ ará ìlú ẹlẹ́ni mẹ́rìnlá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin. Tiwa sàn díẹ̀ ní ti pé INEC ló ń fà á, ṣùgbọ́n abala 115 sọ pé àtúnṣe náà kò lè múlẹ̀ àyàfi bí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá fọwọ́ sí i, a sì mọ̀ pé olóṣèlú ló wà níbẹ̀. Abala kan náà sọ pé àtúnṣe kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí ìgbà àwọn aṣòfin tó wà lórí àga yóò fi parí, nítorí náà kò sí ẹni tó ń bẹ nílé aṣòfin lónìí tí yóò sọ pé wọ́n fẹ́ fi èyí lé òun kúrò.

Àwa Yorùbá sì mọ ohun tí ìlà tí ìjọba fà níkọ̀kọ̀ lè dá sílẹ̀. Àríyànjiyàn lórí ibi tí oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà wà lára ohun tó tún mú ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ní 1997, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àwọn kan yóò fi èyí ṣe ìdí tí kò fi yẹ kí a fọwọ́ kan ààlà. Èmi gbà pé ó jẹ́ ìdí láti ṣe é ní gbangba, pẹ̀lú iye èèyàn tí gbogbo ayé lè kà, pẹ̀lú ìjókòó ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbi tí àwọn ọba, àwọn ìyálọ́jà àti àwọn ọ̀dọ́ yóò ti sọ tẹnu wọn kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà.

Wọ́n yóò tún sọ pé ìkànìyàn tuntun kò tíì wáyé, nítorí pé ìjọba sún èyí tó yẹ kó wáyé ní 2023 síwájú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ka èèyàn ní 2006, ọdún mẹ́wàá gééré lẹ́yìn ìpín 1996, a kò sì lo iye náà fún ààlà kankan. Bí a bá ní kí a dúró de ìkànìyàn tí yóò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, a kò ní ṣe é láéláé.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ilé aṣòfin àpapọ̀ tún abala 114 kọ, kí ó sọ pé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ wáyé ní gbogbo ọdún mẹ́wàá, pé INEC gbọ́dọ̀ gbé èsì rẹ̀ jáde ní gbangba, àti pé olùdìbò èyíkéyìí lè gba ilé ẹjọ́ lọ bí wọn kò bá ṣe é. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ nílò ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá, àti ìfọwọ́sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́rìnlélógún nínú mẹ́rìndínlógójì. Àwọn ilé aṣòfin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù lè ṣáájú, kí wọ́n ṣe ìpinnu lórí rẹ̀ kí wọ́n sì fi ránṣẹ́. Kí ẹ̀yin náà, Olóòtú, bá wa tẹ orúkọ gbogbo ẹkùn ìdìbò tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìròyìn yín, kí ẹ sì kọ iye èèyàn tó ń gbé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìlárá, ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Ọ̀wọ̀ lè rí ibi tí tirẹ̀ wà, kí ó sì bi aṣòfin rẹ̀ léèrè.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Láti Ìpájà, Ìpínlẹ̀ Èkó.